Ẹ̀kọ Tí Wọ́n Ní Àjàyí Mu

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ọsibítù ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí Iléṣà. Ó dà pọ̀ mọ́ òórùn ewé tútù, nítorí igi ńláńlá ló yí ọgbà náà ká, òjò sì ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n da irú oògùn yẹn sílẹ̀ kọjá, mo máa ń fi aṣọ bo imú. Àwọn ọmọ mi rò pé àìsàn ni mo ń bẹ̀rù.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Jímọ̀ Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Àjàyí ni bàbá wa ń jẹ́, orúkọ yẹn ni wọ́n sì ń pe ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́. Ìtì igi kan yí lé e lẹ́sẹ̀, itan rẹ̀ kán, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Iléṣà. Ilé iṣẹ́ gẹdú náà ló ń san owó ìtọ́jú rẹ̀. Nítorí èyí, akọ̀wé ọsibítù a máa tẹ̀ wọ́n láago, a ka ohun tí dókítà kọ sínú fáìlì fún wọn, àwọn náà á sì rán ẹnì kan wá sọ ọ́ nílé wa. Nǹkan ńlá ni lójú wa. Ẹni tó wà ní Iléṣà sọ̀rọ̀, a gbọ́ ọ ní Òṣogbo kí oúnjẹ orí iná tó jinná. Bàbá mi a máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé ayé ti dáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tí wọ́n máa ń rán dé, kò jókòó. Ó ṣí fìlà.

"Bàbá, wọ́n tẹ̀ wá láago láti Iléṣà. Àjàyí ti kú."

N kò lè sọ bí igbe ìyá mi ṣe rí. Bàbá mi kò ké ní tirẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú aṣọ funfun jáde, nítorí àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ó sì lọ bẹ aládùúgbò kan tó ní lọ́rì kékeré. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi jẹ́ kí n bá wọn lọ. A gba ọ̀nà Ìbòkun. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi bá mi sọ kẹ́yìn lọ́kàn mi, n kò rí i.

A dárúkọ lẹ́nu géètì, òṣìṣẹ́ kan sì mú wa lọ tààrà sí ilé kékeré ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń tẹ́ òkú sí. Ó ká aṣọ kúrò lójú òkú kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ilà Ìjẹ̀ṣà lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá mi wò ó, ó tún un wò.

"Èyí kì í ṣe ọmọ mi."

Ayọ̀ gbé mi fò sókè, níwájú òkú ọlọ́kú. Ohun tí ó ṣì ń jí mi lójú oorun nìyẹn. A sáré dé wọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́. Ó ní, "Bàbá, ta lẹ mú aṣọ funfun yẹn wá fún?" Bàbá mi wólẹ̀. "Àlùhámúdúlílàhì!" Gbogbo wọ́ọ̀dù ló bá wa yọ̀.

Akọ̀wé kó fáìlì méjì wá síwájú wa. Jímọ̀ Àjàyí wà, Jóṣúà Àjàyí náà wà, àgbẹ̀ kan láti Ìbòkun tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀, tí egbò náà sì wá ń mú gbogbo iṣan rẹ̀ le gan-an. Inú yàrá ṣíṣókùnkùn ló dá wà, nítorí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo a máa mú kí iṣan náà le sí i, wọn kò sì jẹ́ kí ará ilé wọlé tọ̀ ọ́ títí ó fi kú. J. Àjàyí ni wọ́n kọ sára fáìlì méjèèjì. Ti ọ̀kan ni akọ̀wé ṣí, tó kà á fún àwọn èèyàn èkejì, láti àná.

A ń jáde lọ nígbà tí obìnrin àgbàlagbà kan dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó di ìkòkò kékeré kan mọ́ra. Ohùn Ìjẹ̀ṣà ló fi kí wa.

"Ẹ kú oríire o. Mo gbọ́ tí ẹ ń pe Àjàyí. Orúkọ ọmọ tèmi náà nìyẹn. Wọ́n ní ó mu ẹ̀kọ lánàá, mo tún gbé òmíràn wá."

Bàbá mi mú obìnrin náà jókòó, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ìròyìn tí ó jẹ́ tiyín, èmi ni wọ́n gbé e fún láàárọ̀ yìí."

Ó wo ojú bàbá mi, ó wo aṣọ funfun náà. Ó rọra sọ ìkòkò náà kalẹ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Aṣọ náà ni wọ́n fi di òkú ọmọ rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni àwọn ará ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìyẹn. Lọ́rì tí a mú wá láti Òṣogbo ló gbé Jóṣúà lọ sílé, èmi àti ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí a jáde kúrò nílùú, ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló mu ẹ̀kọ yẹn, àbí?"

"Òun ni, mà."

"Mo yọ̀ nítorí ẹ̀kọ yẹn. Mo sọ fún gbogbo ilé."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, nítorí nígbà tí a wọ agbo ilé wọn ní Ìbòkun, ẹ̀rín ni wọ́n fi jáde wá pàdé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi sàn, ó kàn ń tiro díẹ̀ ni. Bàbá mi ń gbé ẹran Iléyá lọ fún ìyá yẹn lọ́dọọdún títí ìyá fi kú. Lónìí, orí kọ̀ǹpútà ni ọsibítù kan ti ń ka fáìlì aláìsàn fún òmíràn, àti fún ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń sanwó, kí aláìsàn tó dìde lórí àga. N kò lòdì sí i. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀rọ náà gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ní orúkọ mi ti jáde, mo máa ń ní kí ó ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí, ti bàbá mi, ti ìlú mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní màmá yìí ń bẹ̀rù ẹ̀rọ. Wọn kò mọ̀ pé n kò ro ti ara mi nìkan. Bí ìròyìn rere mi bá ṣìnà, ilé ẹnì kan ni yóò yà sí, onítọ̀hún á sì yọ̀ nítorí rẹ̀, á pe àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n wá bá òun yọ̀.