Ìyàwó Ló Bá a Gbọ́ Ọ

Ọgbọ̀n ọdún ni Baba Mẹkáníìkì ti ń tún mọ́tò ṣe, etí ló sì fi ń mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àmọ́ láti ọdún tó kọjá ni etí ọ̀hún ti ń di díẹ̀díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mọ́tò tíṣà kan ló tú àṣírí rẹ̀. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì á pariwo díẹ̀, á sì dákẹ́. Baba ti pààrọ̀ ṣéènì inú rẹ̀, síbẹ̀ tíṣà tún gbé e padà.

"Baba, ariwo yẹn ṣì wà ńbẹ̀ o."

Ọ̀rọ̀ náà sú Baba, nítorí òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́ ariwo ọ̀hún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó fi súkúrúdíráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, kó fi ìdí rẹ̀ ti etí. Baba ṣíná.

"Ó ń ró ṣàkàṣàkà níwájú níbí. Mi ò tíì ka dé ẹ̀ta tó fi dákẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Baba mi orí. Ṣéènì ò jẹ̀bi. Irin kékeré tó ń mú un le ni ọ́ìlì kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ìyẹn ni ṣéènì fi ń pariwo títí ọ́ìlì á fi dé. Ó pààrọ̀ irin náà, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó tutù mọ́jú. Nígbà tó ṣíná láàárọ̀, ẹnu ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

"Kò ró mọ́."

Baba rọra jókòó sórí táyà.

"Láti ìgbà wo letí yín ò ti gbọ́ dáadáa mọ́?" ni ìyàwó béèrè.

"Ó ti pẹ́."

Ìyàwó ò bá a jà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Mọ́tò wo ló kàn?"