Ọjọ́ Tí A Da Omi Sórí Òrùlé Bàbá Àjàní

Ìyá Àjàní, ìyàwó onílé wa ní Ìgbó-Ọrà, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣojú mi ló ṣe. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, kí owó tó di náírà, ohun tí mo sì rí kò ju omi àti ẹ̀rín lọ. Òun ló wá ń tú ìdí ọ̀rọ̀ fún mi lọ́dọọdún, bí ẹni ń tú ẹrù, tí ẹrù kan ń yọ lábẹ́ èkejì. Lánàá, òjò àkọ́rọ̀ bọ́ sórí páànù ilé mi. Mo gbọ́ bó ṣe kọ́kọ́ ń ta ní ẹyọ ẹyọ kó tó di gìrìgìrì, ni ẹ̀rín bá ń pa èmi nìkan. Àwọn ará ilé mi bèèrè pé kí ló dé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìdèrè ni ilé náà wà. Ilé alámọ̀ ni, iwájú nìkan ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, bí ẹni tó pa pọ́dà sójú tó gbàgbé ọrùn. Yàrá mẹ́ta dojú kọ mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà láàrin. Láàárọ̀, òórùn láfún tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé ni yóò kọ́kọ́ jí ọ, lẹ́yìn náà ìró kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi ń yí táyà rẹ̀ wò. Ará Ṣakí ni bàbá mi, kẹ̀kẹ́ ló sì ń tún ṣe. Lọ́jọ́ ọjà, kẹ̀kẹ́ àwọn àgbẹ̀ máa ń sùn sílẹ̀ níwájú ilé wa bí ewúrẹ́ tó yó. “Oníkẹ̀kẹ́” ni Bàbá Àjàní ń pè é. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an kí páànù tó dé àárín wọn.

Páànù orí yàrá tiwa ti dípẹtà. Níbi tó ti gba orí ògiri iwájú kọjá, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti igun dé igun, débi pé inú yàrá ni òjò ń rọ̀ sí kó tó rántí ìta. Abọ́ mẹ́fà ni ìyá mi fi ń gba omi, mo sì mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: agolo mílíìkì lẹ́nu bí ọmọdé, ìkòkò ọbẹ̀ ń fọhùn bí àgbà. Bàbá mi gun òkè lọ, ó fi túùbù kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ẹ́. Oòrùn ọjọ́ mẹ́ta ló yọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Àjàní rí i lókè, ohun tó sọ ni pé, “Oníkẹ̀kẹ́, ilé mi kì í ṣe táyà. Sọ̀ kalẹ̀.”

Bàbá mi ní òun ò ní san owó ilé mọ́ àfi bí wọ́n bá pààrọ̀ páànù. Bàbá Àjàní ní òun ò ní pààrọ̀ páànù àfi bí wọ́n bá san owó ilé. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́rin ṣe lọ, tí àwọn méjèèjì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kọjá láìkí ara wọn. Ìyá Àjàní ló wá là á yé mi lẹ́yìn náà pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkọ òun fi kan páànù yẹn, lọ́dún tí ẹ̀gúsí rẹ̀ tà wàrà. Ó wà lára páànù tó kọ́kọ́ dé àdúgbò náà. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ fún un pé ó ń jò tí yóò gbà. Kò tiẹ̀ wọlé wá wò ó.

Inú ìjà yìí ni ìyá mi bímọ sí, ọmọkùnrin. Bàbá Àjàní ní nítorí ọmọ, òun fún wa ní ogójì ọjọ́ kí a fi kó jáde. Òjò sì ti ń ṣú lápá Ìdèrè. Yàrá mẹ́ta ni bàbá mi lọ bèèrè nínú ìlú. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti ní ẹnì kan ti gbà á, torí ìròyìn owó ilé tó jẹ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó kù kí a padà sí Ṣakí pẹ̀lú ìkókó, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ kì í dúró de ìjà. Láyé ìgbà náà, bí a bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ìkókó sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí omi náà kán sí i lára. Bó bá ké, gbogbo èèyàn á hó, pé ó ti gbà láti bá wa gbé. Baálé ilé ló sì ń da omi náà. Bàbá mi kò ní baálé mìíràn ní Ìgbó-Ọrà ju ẹni tó ní kó kó jáde. Ó wọ ṣòkòtò rẹ̀ tó dára, ó lọ dọ̀bálẹ̀. Bàbá Àjàní wo àjà, ó wo ilẹ̀. “Ọmọ ò jẹ mí ní gbèsè,” ló wí, ó sì mú fìlà rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kún iwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin wà ní yàrá wa pẹ̀lú ìyá mi. Ìyá Àjàní jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣọ́ oyin, iyọ̀ àti obì, ó wé gèlè tuntun. Bàbá mi gbé ìkókó dúró níta lábẹ́ òrùlé. Bàbá Àjàní bu omi igbá kan, ó dà á sókè. A gbọ́ bó ṣe balẹ̀ lórí páànù. A dúró. Ẹ̀kán kan kò bọ́. Ìkókó ń sùn ní tirẹ̀. Ó da igbá kejì, kò sóhun tó kán. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, torí omi tó kọ̀ tí kò kán sára ọmọ, ta ló fẹ́ túmọ̀ rẹ̀?

“Igbá yìí ló kéré,” ni Bàbá Àjàní wí.

Àgbẹ̀ kan ní, “Bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ páànù, bàbá.”

Ojú bàbá mi ti yí padà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ló wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Bàbá Àjàní ká apá agbádá rẹ̀, ó gbé garawa, ó fi gbogbo agbára tó fi ń ro oko da omi náà sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Inú yàrá ni ariwo ti sọ. Ìyá Àjàní bá yọ sẹ́nu ọ̀nà, gèlè ti wó bo ojú rẹ̀ kan, omi ń kán létí rẹ̀ méjèèjì, iyọ̀ ìkómọ ti yọ́ sí i lọ́wọ́.

“Bàbá Àjàní,” ó rọra wí, “ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tó.”

Baálé wo garawa, ó wo páànù, ó wo ìyàwó rẹ̀. “Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?”

“Ó ku èyí tó ń kán lọ́wọ́.”

Ìyá Àjàní gba ìkókó lọ́wọ́ bàbá mi, ó gbé e wọlé, ó dúró síbi tó ń jò jù. Ẹ̀kán ńlá kan bọ́ sí àbúrò mi níwájú orí. Ó ké bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ gbé. Nígbà náà ni gbogbo èèyàn hó, tí ẹ̀rín tí wọ́n ti ń gbé mì sì já. Bàbá Àjàní wọlé tẹ̀ lé wọn. Ó gbé orí sókè, ó rí sánmà níbi tó pọ̀.

“Oníkẹ̀kẹ́, ìta lò ń gbé. Owó ìta ni mo sì ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

Nígbà tó kàn án láti fún ọmọ lórúkọ, ó ní Ilésanmí. Bàbá mi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbẹ ná.” Orúkọ yẹn ni àbúrò mi ń jẹ́ títí dòní.

Owó oṣù mẹ́rin náà wà lódidi, bàbá mi kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé e jáde. Bàbá Àjàní kò kà á. Ó ní kí àwọn jọ fi ra páànù. Wọ́n jọ wọ lọ́rì lọ sí Èrúwà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, wọ́n ti ń bá ara wọn jà lórí ìṣó, ọ̀kan ní gígùn ló dáa, èkejì ní kúkúrú ni. Àwọn àgbẹ̀ tó jẹ ìkómọ ló padà wá kàn án. Ogójì ọjọ́ pé, kò sẹ́ni tó kà á. Ọdún mọ́kànlá la tún gbé níbẹ̀.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Ìwé àdéhùn ló kù láàrin onílé àti ayálégbé, lọ́yà ló ń kọ lẹ́tà, ejẹ́ńtì ló ń gba owó. Mi ò bú u. Ìwé ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò lẹ́nu là. Òrùlé ṣì ń jò, owó ilé ṣì ń pẹ́ kó tó dé, ìyẹn ò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bàbá mi lè lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń lé e jáde, ẹni náà sì lè mú fìlà rẹ̀ nítorí ọmọ. Ìwọ tí ò ń gbé ilé onílé lónìí, bí wọ́n bá bímọ fún ọ lọ́la, ṣé o mọ ilẹ̀kùn onílé rẹ láti lọ kàn?