Abọ́ Kẹfà

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Agbowó mọ̀ pé tí ojú mi ò bá rí nǹkan, mi ò ní ya ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú mi báyìí ló rí i.

Ọdún kejì tí àwọn sójà gba ìjọba ni. Ọ̀gá tí mo ń dáná fún, olùkọ́ ní yunifásítì, ń wá ìnàkí. Wọ́n ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó ilẹ̀ wa. Tí wọn ò bá rí fọ́tò rẹ̀ yà lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin wọn di òfo nìyẹn. A di ẹrù sínú jíìpù, ó di inú igbó. Àwa márùn-ún ni: ọ̀gá, akẹ́kọ̀ọ́ wọn méjì, Bàbá Ọdẹ tó ń mú wa lọ́nà, àti èmi.

Ìyá mi kì í bu oúnjẹ kí wọ́n má bu ti àlejò mọ́ ọn. Ó ti mọ́ èmi náà lára. Abọ́ tánganran mẹ́fà tí wọ́n fún mi ni mo kó lọ. Mo bu ìrẹsì fún àwa márùn-ún, mo bu ti àlejò, mo dé e, mo gbé e sí ìdí igi.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, abọ́ ti ṣófo. Kì í ṣe pé ẹranko dà á nù o. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Wọ́n tilẹ̀ da ojú rẹ̀ dé kí omi lè ro.

Mo rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta, Bàbá Ọdẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta lo ń bu èyí fún?"

"Àlejò ni, sà."

"Àlejò wo nínú igbó? Ìwọ ọmọ yìí!" Wọ́n wẹ̀yìn wò. "O ti bẹ̀rẹ̀ ná, máa bù ú lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá ń lọ, fi abọ́ yẹn sílẹ̀ níbí."

Ọjọ́ kẹrin, a ò tíì rí ìnàkí kankan, ọ̀gá ní ká máa di ẹrù. Wọn ò lè jẹun. Mo lọ pọn omi lódò. Oòrùn ti mú, ẹ má rò pé ilẹ̀ ṣú. Ìyá àgbà kan dúró nínú omi, abọ́ mi wà lọ́wọ́ wọn. Etí ìró wọn wà nínú omi, ó sì gbẹ.

Mo kúnlẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n rọra sọ ọ́ ni. "Iyọ̀ rẹ ló ń pọ̀ jù."

Nínú gbogbo ẹ̀rù yẹn, ojú tún tì mí nítorí iyọ̀!

Wọ́n na abọ́ sí mi, wọ́n fi ẹnu júwe òkè. Mo gbójú sókè. Ìnàkí! Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń jẹ èso. Kí n tó wo ilẹ̀ padà, kò sí ẹnì kankan mọ́.

Mo sáré lọ pe ọ̀gá, wọ́n ya fọ́tò títí fíìmù fi tán. Omijé ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Báwo lo ṣe rí i?"

"Mo kàn gbójú sókè ni, sà."

Mo rántí ohun tí Bàbá Ọdẹ wí. Ṣùgbọ́n abọ́ ìyá mi ni, kò sì wù mí kó ku márùn-ún. Mo yọ́ fi í sínú ẹrù.

Láti ìgbà náà, mò ń bu abọ́ kẹfà lójoojúmọ́ níbí ní Agbowó. Mi ò fọ̀ ọ́ rí. Mo ti dín iyọ̀ kù. Ká sọ tòótọ́, ọkàn mi balẹ̀, ilé ò sì dá bí i ti tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ mo fẹ́ lọ sílé ọkọ ní àdúgbò Challenge. Lánàá, mo di abọ́ márùn-ún mọ́ ẹrù, mo ti ẹ̀kẹfà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, òun ni mo bá lórí ẹrù, wọ́n da ojú rẹ̀ dé, omi ń ro lára rẹ̀.

Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sínú igbó, ẹ bu ti àlejò, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ fi abọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.