Àlájà Kan Láàrin Olùdarí Mẹ́fà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, èmi ni akọ̀wé iléeṣẹ́ kan tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà. Òkè-Ìlewó ni ọ́fíìsì wa wà. Olùdarí méje la ní: ọkùnrin mẹ́fà, àti Àlájà kan tó jogún ipò bàbá rẹ̀. Òun ló kéré jù, nítorí náà ó máa ń kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí oúnjẹ ìpàdé bá ti dé, màá rọra lọ sọ sí i létí pé, "Àlájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá bá wa pín ẹran nínú ilé ìdáná." Ẹ̀rù ń bà mí kí iwe adìẹ tó tọ́ sí alága má lọ bọ́ sínú àwo ẹlòmíràn. Ta ló fẹ́ fi iwe pàdánù iṣẹ́? Obìnrin lèmi náà o, ẹ má rò pé ọkùnrin ló ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń pín ẹran lọ́wọ́, àwọn yòókù fẹnu kò pé ká ra ẹ̀rọ tí yóò máa ṣa òkúta inú ìrẹsì, kí àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ ṣà á ní Ọ̀fàdà máa lọ sílé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ìgbìmọ̀ fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì ránṣẹ́ lọ ra ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ náà ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Àlájà nawọ́. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì fohùn sí i."

Alága ní, "Ta ló ní kó o jáde?"

Àlájà wò mí lẹ́ẹ̀kan. "Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi jáde, sà."

Ojú tì mí dọ́ba. Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo pè wọ́n. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń pè wọ́n."

Alága bínú sí mi, àmọ́ ó ní ká tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Àlájà sọ̀rọ̀. Ó ní opó pọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn, pé iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé. Wọ́n dìbò: ẹni mẹ́rin fara mọ́ ẹ̀rọ, ẹni mẹ́ta kọ̀ ọ́.

Bí a ṣe ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ká ní ó ti sọ èyí níjọ́sí, ká tó ránṣẹ́ lọ ra ẹ̀rọ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ǹ bá wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìbínú alága lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbẹnu sọ fún àwọn obìnrin Ọ̀fàdà nínú yàrá yẹn, èmi ni mo sì pè é jáde.