Àtàǹpàkò Bàbá Àgbà

Òórùn tàdáwà tí wọ́n fi sí mi níka lọ́jọ́ ìdìbò ló rán mi létí ọ̀sán kan ní Ẹdẹ, nígbà èwe mi. Bàbá àgbà mi ni baálé wa. Lábẹ́ igi ọdán ni wọ́n ti máa ń parí ìjà. Òyìnbó kan gbé ìwé wá.

Ògbufọ̀ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ka síbí. Kóòtù ni yóò máa dájọ́ báyìí."

Bàbá bi í pé, "Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á fi ẹlòmíràn jẹ baálé."

Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ẹ̀bùn ni ìwé náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òyìnbó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin méjì tó ń jà nítorí ewúrẹ́ dé. Bàbá wo ọ̀nà tí òyìnbó gbà lọ, wọ́n ní, "Ẹ jókòó. Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"