Ọláòtán Àlékún àti Kẹ̀kẹ́ Márúwá Rẹ̀

Ní ọjọ́ tí Ọláòtán Ògúnsànyà so họ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú omi mọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí gbogbo èbúté Ìpákòdó ya sínú ọ̀sà. Ara ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ti dógùn-ún sí etí omi ló ti tú họ́ọ̀nù náà. Ó fọ̀ ọ́, ó fi ọ̀dà pupa kùn ún, ó fi wáyà méjì so ó mọ́ bátìrì. Nígbà tó di aago méje òwúrọ̀, ó wa kẹ̀kẹ́ dé èbúté, níbi tí àwọn èrò tò sí tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Ewúrẹ́ kan dúró gbagidi sí ojú ọ̀nà. Ọláòtán rọra fi àtàǹpàkò tẹ họ́ọ̀nù.

Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn kẹ̀kẹ́ rárá. Ilẹ̀ mì. Àwọn èrò rò pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Ẹni tó ń jẹ àkàrà gbé e mì láìrún un, ẹni tó ń wọ bàtà fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, gbogbo wọn sì ya lu ọkọ̀ kan tó wà létí omi láìbéèrè ibi tó ń lọ. Oorun ni awakọ̀ náà ń sùn. Nígbà tó lajú tó rí i pé ọkọ̀ òun ti kún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó gbéra. Wọ́n ti rìn jìnnà lórí ọ̀sà kí wọ́n tó mọ̀ pé ọjà Ẹ̀jìnrìn ni wọ́n ń lọ. Ní gbogbo èbúté, ewúrẹ́ yẹn nìkan ni kò mira.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan nínú wọn, Lateefat tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó, wá bá a nílé pẹ̀lú ìbínú.

"Bàbá, ẹ ba iṣẹ́ mi jẹ́! Ẹ̀jìnrìn ni mo bá ara mi, pẹ̀lú bàtà gíga!"

Ọláòtán fún un ní àga. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ṣé ẹ ra ẹja níbẹ̀?"

"Mo ra ẹja."

"Ṣé ó tutù?"

"Ó tutù."

"Ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rà rí ní Ìkòròdú níbí?"

Obìnrin náà ronú díẹ̀. "Ká sọ òótọ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí."

"Ẹ wò ó, ọpẹ́ lẹ wá dá, ẹ kàn ń pariwo rẹ̀ ni." Lateefat fẹ́ bínú, ẹ̀rín pa á. Kó tó lọ, ó ti ṣèlérí ẹja méjì fún un.

Irú èèyàn tí Ọláòtán jẹ́ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló fi ọgbọ̀n ọdún tún ṣe ní Ìpákòdó. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó fi èbúté sílẹ̀, ó ra kẹ̀kẹ́, ó sì ń fi gbé èrò láàárín ìlú àti etí omi. Ìgbàgbọ́ kan ló ní, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ṣe nǹkan kàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, ẹni tó rà á ni yóò parí rẹ̀. Nítorí náà, ó so fáànù mọ́ òrùlé kẹ̀kẹ́ náà, ó kan pẹpẹ sí ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí èrò lè fọwọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Ọláòtán Àlékún.

Jígí rẹ̀ nìkan tó méje. Àwọn ọmọge a máa jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kọjá kí wọ́n lè wọ tirẹ̀, nítorí wọ́n lè rí iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ irun wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí jígí méjèèje kò fi hàn ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Jẹ̀lílì ni mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé Ọláòtán. Ọmọ ọdún márùnlélógójì ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́, àmọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án tí kẹ̀kẹ́ yẹn ti dé àdúgbò, Ọláòtán kò jẹ́ kó fi ìka kàn án rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì, òun ló ń fọ pílọ́ọ̀gì, òun ló ń tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sórí ẹní níṣojú Jẹ̀lílì. Ohun tó ń dun Jẹ̀lílì jù ni pé nígbàkígbà tí bàbá bá tò ó padà tán, bóòtì kan tàbí méjì máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀.

"Bàbá, bóòtì kan rèé o," ni Jẹ̀lílì pariwo láti òdìkejì ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ ò ní dá a padà síbi tó wà ni?"

"Jẹ̀lílì, kẹ̀kẹ́ yìí ti tan báyìí, àbí kò tan?"

"Ó tan, sà."

"Ó ń rìn, àbí kò rìn?"

"Ó ń rìn, sà."

"Kí ni bóòtì yẹn ń ṣe nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Èrò tí kò sanwó ni. Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Jẹ̀lílì wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ti aṣọ òjò ni wọn kò tíì gbàgbé ní ilé ìwé tó wà nítòsí gáréèjì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kò ní ilẹ̀kùn, òjò a sì máa lu èrò. Ọláòtán mú tapólì, ó rán an yí kẹ̀kẹ́ ká, ó fi síìpù sí i. Tíṣà Adétúnjí ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Ọláòtán fa síìpù, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀kán omi kan kò ní kàn yín." Òótọ́ ni, ẹ̀kán kan kò kàn án. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ilé ìwé, síìpù kọ̀, kò ṣí. Wọ́n fi ọṣẹ pa á, wọ́n fi epo pa á. Àwọn ọmọ iléèwé ti tò sí ìta fún ìpéjọpọ̀ àárọ̀, Tíṣà sì ń wò wọ́n láti inú ihò kékeré tí wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara dí. Nígbà tó rí i pé àkókò ń lọ, ó darí orin ìwúrí láti inú kẹ̀kẹ́, ó gbàdúrà, ó ka orúkọ àwọn tó pẹ́ dé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kà.

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi Ọláòtán rẹ́rìn-ín lójú Abraham, kó ṣọ́ra. Apẹja ni Abraham, ará etíkun Oǹdó, tó tẹ̀dó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Susannah, sí abúlé kan létí ọ̀sà nítòsí Ẹ̀jìnrìn. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ní bí ọdún méje sẹ́yìn, Ọláòtán lọ ra ẹja gbígbẹ fún ilé rẹ̀ ní Ẹ̀jìnrìn. Ó ń so agbọ̀n mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Abraham tu ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀, tó gbé ìyàwó rẹ̀ jáde. Láti ìdájí ni Susannah ti ń rọbí, ọmọ kò jáde. Ọsibítù wà ní Ẹ̀pẹ́, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn nílẹ̀.

Ọláòtán tú agbọ̀n ẹja sílẹ̀. "Ẹ gbé e wọlé," ló wí.

Wọ́n ti rìn dé ibi tí kò sí ilé ní ọ̀tún, kò sí ní òsì, nígbà tí wáyà kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí kẹ̀kẹ́ fi ń wọ jíà, já. Kẹ̀kẹ́ dúró. Abraham ká ọwọ́ lérí. Ọláòtán bẹ́ sílẹ̀. Ó gba okùn ìpẹja lọ́wọ́ Abraham, ó fi í rọ́pò wáyà náà, ó já. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó tún já.

"Bàbá," ni Susannah wí láàárín ìrora, "ṣé ẹ ti ṣe irú eléyìí rí?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe é kẹ́yìn," ni Ọláòtán dá a lóhùn. Kò ṣe é rí láyé rẹ̀.

Ó gbójú sókè. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere kan wà tó ti nà láti ìjókòó ẹ̀yìn dé ẹ̀bá etí rẹ̀, ó so agogo mọ́ ọn, kí èrò tó bá fẹ́ sọ̀ lè fà á. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é, nínú gbogbo àlékún rẹ̀, òun ló fẹ́ràn jù. Ó mú pínńsà, ó gé e. Ó fà á gba inú rọ́bà tí wáyà kílọ́ọ̀ṣì ń gbà, ó dè é, ó fi ehín fà á le. Abraham ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni, àmọ́ nínú ọkàn òun, ó tó ọdún mẹ́rìnlá. Kẹ̀kẹ́ tan. Ọláòtán fọwọ́ kan mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ kejì di kókó wáyà náà mú kó má baà tú, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà á dé Ẹ̀pẹ́.

Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé Susannah wọlé tó fi bí ọmọbìnrin. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni àwọn ì bá máa sọ. Ọláòtán jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níbi tí wáyà ti gé e. Abraham dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Bàbá, orúkọ yín la máa sọ ọmọ yìí."

"Ẹ má dán an wò," ni Ọláòtán wí. "Bó bá jẹ́ orúkọ mi, yóò máa tú nǹkan ilé yín palẹ̀." Wọ́n sọ ọmọ náà ní Gift. Láti ìgbà náà, gbogbo oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń gbé e wá sí Ìkòròdú pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, bàbá a sì gbé e sí kẹ̀kẹ́, wọn a yí ìlú ká.

Ọdún tó kọjá ni àìsàn dá Ọláòtán gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tó dé ọsibítù, ó ní àwọn kan kò jẹ́ kí òun sùn. Wọ́n bi í pé àwọn wo, ó ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó ń han ni. Ó ní kí nọ́ọ̀sì fún òun ní sípánà. Nọ́ọ̀sì ní oògùn nìkan ni àwọn ń fún èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, Balqees, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé oúnjẹ wá, sípánà wà lábẹ́ ẹ̀kọ. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀dì yẹn kò han mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń dọ́gbọ́n béèrè bóyá bàbá lè bá wọn wo ti yàrá kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kó tó kú. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tò tẹ̀lé e dé itẹ́. Abraham àti Susannah wá pẹ̀lú Gift, wọ́n jókòó ti opó rẹ̀, Kúbúrátù, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Balqees ní òun fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ náà gbé àwọn ọmọ iléèwé. Kúbúrátù wá ránṣẹ́ pe Jẹ̀lílì kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹ̀lílì kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wá, ó múra ìjà. Ó tú táyà iwájú, ó wo bíréèkì rẹ̀, ó tún un wò. Ó tú ti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ó fi ìka nù ún wò. Ó tú èyí tó kù, ó jókòó sílẹ̀.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?" ni Kúbúrátù bi í.

"Rárá, Ìyá. Mi ò rí bíréèkì tó mọ́ tó báyìí rí. Títun ni gbogbo rẹ̀. Ta ló ń bá Bàbá ṣe é?"

"Òun náà ni. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni ó máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀. Mo rò pé ó ń sá kí n má baà rán an lọ sọ́jà ni." Ẹ̀rín pa obìnrin náà, ó sì ń fi etí ìborùn nu ojú. "Jẹ̀lílì, ẹni tó so fáànù tó pe gbogbo àdúgbò wá wò ó! Kò sọ ti èyí fún mi rí."

Jẹ̀lílì dá àwọn táyà padà, ó rọra dè wọ́n. Ó fi àkísà nu ara kẹ̀kẹ́ náà látòkè délẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Balqees gbé àwọn ọmọ iléèwé mẹ́ta jáde. Kúbúrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Ní kọ́nà, ìyá arúgbó kan bọ́ sójú títì láìwo ẹ̀gbẹ́. Balqees tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ náà dúró jẹ́ẹ́, ìyá náà kọjá, wọ́n sì tẹ̀síwájú.

"Ẹ ṣé o, Bàbá Balqees," ni Kúbúrátù wí, ó sì wọlé lọ gbé omi kaná.