Ọjọ́ Tí Mo Fi Ilé Gogoro Pisa Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi jáàkì gbé ilé tó rì ní Houston. Amọ̀ ibẹ̀ kò níwà: bí òjò bá rọ̀, ó wú, bí oòrùn bá mú, ó súnkì, ilé á sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwa la máa ń gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, tí a ó ti jáàkì bọ̀ ọ́, tí a ó sì gbé e títí yóò fi tọ́. Lójú mi, ilé tó bá wọ́, ìtìjú ni.

Ilé Màmá Ṣadé, opó kan nínú ìjọ wa, ló wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, ní Missouri City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́. Ilé yìí nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

"Báyọ̀, rọra o," ni Màmá wí. "Ilé ti rì kí Daddy Ṣadé tó kọ́ yàrá ẹ̀yìn yẹn mọ́ ọn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ lọ sinmi. Ẹ jẹ́ kí contractor ṣe iṣẹ́ ẹ̀."

Mo ní kí Táyé tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbé ilé náà tọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá wọ bàálù lọ sí Pisa ní Ítálì, níbi tí ọmọ mi, Tèmi, ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilé kíkọ́. Ìlú ọ̀mọ̀wé ni, òkun ò jìnnà síbẹ̀, yunifásítì sì ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Houston. Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yẹn, ilé gogoro tó fẹ́ ṣubú ni aráyé ń tò lọ wò! Àgbàlagbà ń na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń ti ilé, nítorí fọ́tò.

"Dad, ẹ na ọwọ́ yín náà now!"

"Kí n na kí ni? Tí mo bá fi ilé sílẹ̀ báyìí ní Cinco Ranch, ní Houston wa, wọ́n á sue mi."

Tèmi ní wọ́n ti tún un ṣe: wọ́n wa iyẹ̀pẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó ga, ó tọ́ díẹ̀, wọ́n sì dáwọ́ dúró.

Mo yọ ṣùtì. "Ọ̀lẹ! Kí ló dé tí wọn ò parí ẹ̀?"

"Ẹ wo òkè. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ló ń rì, ni àwọn tó kọ́ òkè bá ń yí i padà kí ó lè tọ́. Tí ìsàlẹ̀ bá tọ́ tán, òkè á wọ́ sí òdìkejì."

Mo gbójú sókè. Ó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ Màmá. Bàbá Ṣadé kọ́ yàrá tó tọ́ mọ́ ilé tó wọ́! Bí ilé bá tọ́, yàrá á ya. Ọjọ́ Ẹtì sì lòní.

Mo pe Táyé. "Ẹ má gbé e mọ́ o!"

"Ah, ọ̀gá, a ti gbé e. Ó tọ́, perfect! Àmọ́ yàrá ẹ̀yìn ti ya kúrò lára ilé. Mummy jókòó síbẹ̀, wọ́n kàn ń wò ó."

Ọjọ́ Ajé tí mo padà dé Houston ni mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Ojú tì mí gan-an. Mo ní màá tún yàrá náà kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Báyọ̀, ọkọ mi kì í ṣe contractor o. Accountant ni. Yàrá tó kọ́ ò sì ya títí ìwọ fi dé."

Mo dìde, mo lọ já pákó nínú ọkọ̀.